Sàlúùtù Tí Bàbá Mi Fi Du Alákìísà

Bàbá mi kì í fi sàlúùtù ṣahun. Kí ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ ní oríta ṣáà ti na ọwọ́ rẹ̀ ní nínà tó gún, bàbá mi á dúró, á fi gìgísẹ̀ kan gìgísẹ̀, á gbé ọwọ́ ọ̀tún sí ẹ̀bá ojú. Ó ti ṣe é fún ẹ̀ṣọ́ báǹkì, ó ti ṣe é fún ọmọ ilé-ìwé tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ funfun. Lọ́jọ́ kan, ó ṣe é fún ìyá àgbà tó ń gbálẹ̀ ojúlé rẹ̀, ìyá náà sì rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Nínú gbogbo ayé, ẹnì kan ṣoṣo ló kọ̀ láti ṣe é fún, ẹni yẹn gan-an sì ni òfin ní kó ṣe é fún. Alákìísà là ń pè é nílé wa.

Iṣẹ́ bàbá mi nínú ẹgbẹ́ ológun ni kíkọ́ àwọn ọmọ-ogun tuntun ní ìrìn, ìdúró àti ìkíni. Àwọn ọmọkùnrin á ti ilé ìyá wọn wá, àwọn mìíràn ò tíì mọ okùn bàtà dì, bàbá mi á kó wọn sí pápá ní kùtùkùtù, á pariwo, “Dúró ṣinṣin!” títí ẹyẹ orí igi á fi sá lọ. Dúró-Ṣinṣin náà ni wọ́n kúkú sọ ọ́. Àwọn aládùúgbò wa ò mọ orúkọ mìíràn fún un títí di òní, àwọn ọmọ wọn sì ń pe èmi náà ní ọmọ Bàbá Dúró-Ṣinṣin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewú ti wà lórí mi.

Láàrin àwọn tó kọ́ ni ọmọkùnrin gíga kan wà, tó mọ̀wé ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n tí kò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Bí wọ́n bá pe lẹ́fù, ráìtì ló ń gbé, gbogbo ìlà á sì dà rú. Sájẹ́ntì mìíràn ì bá ti fi ìyà jẹ ẹ́ dójú ikú. Bàbá mi ya àkísà kan lára aṣọ tó fi ń nu bàtà, ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀ òsì, ó wá ń ké sí i pé, “Ẹsẹ̀ àkísà, ẹsẹ̀ lásán! Ẹsẹ̀ àkísà, ẹsẹ̀ lásán!” Kó tó di pé oṣù kú, ọmọkùnrin náà ti ń rìn bí ẹni tí wọ́n bí sórí pápá. Wọ́n tú àkísà náà, ṣùgbọ́n orúkọ kò tú mọ́.

Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá mi jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Nígbà tí ogun dé, wọ́n jọ lọ, wọ́n sì jọ bọ̀. Ohun tí ojú wọn rí lọ́hùn-ún, bàbá mi kò sọ ọ́ fún wa, mi ò sì ní parọ́ mọ́ ọn. Èyí tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí ìyá mi ń rọbí mi ní bárékè, tí òjò ń rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́, Alákìísà ló sáré nínú ẹrẹ̀ lọ pe nọ́ọ̀sì. Omi ti bo ojú ọ̀nà, nọ́ọ̀sì sì ní òun ò mọ odò wẹ̀. Ìyá mi ní ẹ̀yìn Alákìísà ni nọ́ọ̀sì náà wà tí wọ́n fi wọlé, ó pọ̀n ọ́n bí ìyá ọmọ, àpótí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sì wà lórí rẹ̀. Ìyá mi ní bí òun ṣe ń jẹ̀rora tó, ẹ̀rín pa òun.

Nítorí ìwé tí Alákìísà mọ̀, wọ́n ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ ọ̀gá. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló lọ kàkí tó wọ̀ lọ. Nígbà tó fi máa padà, ìràwọ̀ ti wà léjìká rẹ̀, orí pápá tí wọ́n ti so àkísà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ náà ni òun àti bàbá mi sì ti pàdé, lójú àwọn ọmọ-ogun tuntun. Òfin ò ṣòro: ẹni tó kéré nípò ló ń kọ́kọ́ gbé ọwọ́. Bàbá mi ló ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ láràárọ̀. Ó wo ìràwọ̀, ó wo ojú tó wà lókè ìràwọ̀, ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn bàtà tí kò tú.

Alákìísà lè tì í mọ́lé nítorí rẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó yíjú sí àwọn tó ń wò, ó ní, “Sájẹ́ntì ò rí mi ni,” ó sì kọjá lọ. Gbólóhùn yẹn ló dun bàbá mi jù. Ó ní ì bá sàn kó ti òun mọ́lé, pé ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé ṣì lè bínú, ṣùgbọ́n kí ni èèyàn fẹ́ fi àánú ṣe?

Lẹ́yìn ìyẹn ni Alákìísà bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé wa nírọ̀lẹ́. Aṣọ ilé ló máa ń wọ̀ wá, kò ní fìlà lórí, kò sí ìràwọ̀ kankan, kí ọ̀rọ̀ sàlúùtù má baà wáyé rárá. Bàbá mi á gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á wọ yàrá.

“Ẹ sọ fún un pé mo ti sùn.”

“Kí oòrùn tó wọ̀?” ni ìyá mi á bi í.

“Sójà lè sùn nígbàkígbà.”

Ìyá mi á bẹ̀ ẹ́, á gbé e gẹ̀gẹ̀, á bú u. Ó ní, “A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Ta ni o ń fìyà jẹ?” Bàbá mi á dáhùn pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìyá mi á ní, “Ẹni tó ni àkísà gan-an ló wà níta yẹn, lọ ṣílẹ̀kùn fún un.” Kò ṣí i. Nígbà tó yá, Alákìísà kò wá mọ́, wọ́n sì gbé e lọ sí bárékè mìíràn. Ọ̀rẹ́ tó mọ ẹnu ọ̀nà ilé wa dunjú di ẹni tí a ń gbúròó lọ́nà jíjìn.

Bàbá mi fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ sí iwájú ilé. Kàkí, aṣọ ẹ̀ṣọ́ àti yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé ló ń bá wọn lọ̀ jù. Bó bá fi sítáàṣì sí ṣòkòtò, tó sì fa ìlà rẹ̀, ẹ lè fi ìlà yẹn gé búrẹ́dì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tí mo ń jẹ lónìí, kí Ọlọ́run sì má jẹ́ kí ọ̀tá mi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, nítorí bí mo bá jẹ́ kí kọ́là ká, bàbá mi á ní kí n dúró ṣinṣin síwájú àwọn oníbàárà.

Bí sójà kan bá gbé aṣọ wá, bàbá mi á máa tú àpò ṣòkòtò wò, á wá sọ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án pé, “Ọ̀gá yín gíga yẹn, ó ṣì ń rìn dáadáa?” Báyìí la ṣe gbọ́ pé Alákìísà ti di kápútẹ́nì, tí a tún gbọ́ pé ó ti di mejọ̀, tí a gbọ́ pé ó ti fẹ̀yìn tì. Ìròyìn kọ̀ọ̀kan, bàbá mi á mi orí, á sì tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ aṣọ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ oníbàárà tí ó lé ní mẹ́ta nítorí aṣọ tó jó lọ́jọ́ ìròyìn.

Ìyá mi kú láìrí i kí wọ́n parí ìjà náà. Ó dùn mí di òní, torí òun àti ìyàwó Alákìísà náà ti jọ ń ṣọ̀rẹ́, ìjà àwọn ọkọ wọn ló sì yà wọ́n, láìṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ọdún tó kọjá ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìgboro, níbi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ pamọ́ sí, bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n á ṣí gbogbo yàrá sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn sójà àtijọ́ àti ẹbí wọn, wọ́n á fún wọn ní tíì, àwọn ọmọ ilé-ìwé á wá gbọ́ ìtàn lẹ́nu wọn. Wọ́n pe bàbá mi. Ó gbọ́ pé Mejọ̀ kan ló máa sọ̀rọ̀, ó ránṣẹ́ sí wọn pé òtútù ń mú òun. Ooru ọjọ́ yẹn, àbẹ́là tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù wa tẹ̀ wálẹ̀.

Lọ́dún yìí, obìnrin tó ń bójú tó ètò náà gbé aṣọ tábìlì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi fún lílọ̀. Bàbá mi wà lẹ́yìn àwọn aṣọ tí mo fi kọ́, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

“Ṣé àwọn tó wá léṣìí náà ló ń bọ̀?” ni mo bi í.

“Àwọn tó kù nínú wọn, Àǹtí,” obìnrin náà dáhùn. “Lọ́dọọdún ni wọ́n ń dín kù. Márùn-ún ti lọ látìgbà yẹn.”

Aṣọ tó wà níwájú bàbá mi mì. Ó yọ orí jáde. “Mejọ̀ tó sọ̀rọ̀ léṣìí ńkọ́?”

“Wọ́n wà láàyè, sà. Ìyàwó wọn ní àwọn á wá.”

Ó padà sẹ́yìn aṣọ. Ibẹ̀ ló wà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé agbọ̀n aṣọ wọlé, mo bá a níwájú dígí gígùn tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn. Ó dúró gbọnrangandan, ọwọ́ wà lẹ́bàá ojú.

“Ìyá mi,” bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, “wo ìgbọ̀nwọ́ mi. Ṣé ó ń já wálẹ̀?”

“Ó ń já díẹ̀, Bàbá.”

“Ogbó ni.” Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó jókòó lórí òkìtì aṣọ tí a ò tíì fọ̀. “Alákìísà ni mo fẹ́ lọ kí.”

Ẹnu ìyá mi ni mo jogún. Mo bi í pé, “Ẹ wá gbà wàyí pé ó jù yín lọ?”

“Ó ti jù mí lọ látọjọ́ tó pọ̀n nọ́ọ̀sì. Èmi ni mi ò fẹ́ gbà.” Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. “Mo ti kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá. Èmi olùkọ́ ò kí ọ̀gá tèmi. Mi ò fẹ́ kú kí ọwọ́ yìí ṣì wà nílẹ̀, o gbọ́?”

Mo gbọ́. Inú mi sì dùn débi pé mo lọ kàkí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó dúró nínú bọ́ọ̀sì láti ilé wa dé ibẹ̀ kí ìlà ṣòkòtò má baà rún. Àwọn èèyàn ń fún un ní àyè ìjókòó, ó ń dúpẹ́, kò jókòó. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà tutù, ó ń rùn bí àpótí tí wọ́n ti dé pa látọdún pípẹ́. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ tábìlì mi, wọ́n to ife tíì sí i lórí. Bàtà sójà, ife onírin àti akoto wà nínú àpótí onígíláàsì, ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan sì wà ní àgbàlá tí àwọn ọmọ ń gùn bí ewúrẹ́. Àwọn sójà àtijọ́ kún gbogbo yàrá. Àwọn kan ti sanra kọjá bọ́tìnì, àwọn kan ti gbẹ tí kọ́là wá fẹ̀ lọ́rùn wọn bí ẹnu ìkòkò. Wọ́n ń pariwo kí ara wọn bí adití, àwọn mìíràn nínú wọn sì dití lóòótọ́.

Ọmọdébìnrin kan fa ọwọ́ bàbá mi. “Bàbá, ṣé ẹ pa èèyàn lójú ogun?”

“Ìdọ̀tí ni mo ń pa, ọmọ mi,” ni bàbá mi dáhùn. “Mo sì ti pa púpọ̀.” Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí lára ọmọ náà, ó ń wá ẹni tó bá wá.

Obìnrin ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nawọ́ sí ẹ̀bá fèrèsé. Alákìísà jókòó sórí àga oníke níbẹ̀, ó ṣì ga lórí ìjókòó, irun rẹ̀ ti funfun báláú. Aṣọ ipò rẹ̀ pé sí i lára, àmì ipò léjìká àti gbogbo ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í, ó ń bá a nu tíì tó dà sí i láyà. Nígbà tí ìyàwó náà rí wa, ó la ẹnu, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi kò dúró gbọ́. Ó ti ń rìn lọ, apá ń fì bó ṣe yẹ, àwọn èèyàn sì ń yà fún un. Mo ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Mo ń rò ó pé ìyá mi ì bá wà níbí.

Ó dúró níwájú àga náà. Ó fi gìgísẹ̀ kan gìgísẹ̀.

Alákìísà gbé ojú sókè. Ó wo bàbá mi láti bàtà dé fìlà. Lójijì, ó fò dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀, ó na gbọnrangandan, kí bàbá mi tó gbé ọwọ́, ti Alákìísà ti wà lẹ́bàá ojú.

“Sájẹ́ntì! Ẹ jọ̀wọ́, sà, mi ò pẹ́. Fèrè ò tíì dún nígbà tí mo jáde.”

Bàbá mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ yé. “Mejọ̀, sà,” ló wí, “èmi ni mo wá—”

“Mejọ̀ dà, sà?” Ẹ̀rù hàn lójú Alákìísà. “Ṣé wọ́n ń bọ̀ wá yẹ̀ wá wò ni? Ìlà wa ò tíì tò.”

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú sí wa. Ìyàwó Alákìísà sún mọ́ bàbá mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ̀yìn ọdún ló bẹ̀rẹ̀. Ó ti gbàgbé ipò, ó ti gbàgbé àwọn ọmọ. Èmi gan-an, nọ́ọ̀sì ló ń pè mí. Ó rò pé ọjọ́ tó wọṣẹ́ ló ṣì wà.” Ó nu ojú rẹ̀. “Léṣìí, ara rẹ̀ ṣì dá ṣáká. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn títí wọ́n fi fẹ́ tilẹ̀kùn. Mo ní ká máa lọ, ó ní rárá, pé Dúró-Ṣinṣin á wá, pé òtútù ló mú un.”

 Mi ò rí bàbá mi kó sunkún rí, kódà níbi ìsìnkú ìyá mi, ṣùgbọ́n omi kún ojú rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, kò sì nù ún.

Ọwọ́ Alákìísà ṣì wà lókè. Ó ti ń gbọ̀n. Ọmọ-ogun tuntun kì í sọ ọwọ́ kalẹ̀ títí ọ̀gá rẹ̀ á fi dá a lóhùn, bàbá mi ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá a lóhùn,” ni ìyàwó náà ń bẹ̀ ẹ́. “Apá yẹn máa ń dùn ún.”

Kí ni bàbá mi fẹ́ ṣe? Ó gbé ọwọ́, ó dá a lóhùn bí ọ̀gá ṣe ń dá ọmọ iṣẹ́ lóhùn. Ohun tó ti ń jà fún látọjọ́ tó ti so okùn bàtà, pé kí Alákìísà kọ́kọ́ kí òun, wọ́n gbé e fún un níwájú gbogbo ayé. Alákìísà sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ara rẹ̀ balẹ̀, ìyàwó rẹ̀ gbé àga náà dìde, ó mú un jókòó.

Mo rò pé ó ti tán. Mo di bàbá mi lápá mú, mo ní, “Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Bàbá.” Ó gba apá rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó tún nàró gbọnrangandan, ó gbójú sí àmì ipò tó wà léjìká ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ṣe sàlúùtù fún un. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kò já lọ́jọ́ yẹn. Mi ò rí i kó ṣe é fún ẹnikẹ́ni báyìí rí.

“Mejọ̀, sà!”

Alákìísà wò ó. Lẹ́yìn náà, ó yára yíjú wẹ̀yìn láti wo ọ̀gá tí Sájẹ́ntì ń kí. Fèrèsé nìkan ló wà níbẹ̀. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó tún yíjú padà.

“Sájẹ́ntì,” ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “ta ló dé?”

 Bàbá mi dúró, ọwọ́ wà lókè, ó ń retí ẹni tó máa gba ìkíni náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè sọ ọ́ kalẹ̀. Ọmọdébìnrin tó fa ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà wá dúró tì wá, ó ń wò. Nígbà tí apá bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí kò sì sọ ọ́ kalẹ̀, mo lọ bá a, mo fi ọwọ́ méjèèjì mú ọwọ́ náà, mo bá a sọ ọ́ kalẹ̀. Kò bá mi jà sí i.